Oòrùn Kò Wọ́n ní Tápà: Kí Ni Ará Ìbàràpá Fẹ́ Fi Fítámì D Inú Ìgò Ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ó sì ti wọ ilẹ̀ Ìbàràpá. Wọ́n ní àìní fítámì D lára ni ó ń fa àrùn àtọ̀gbẹ, àti pé ẹni tó bá ń gbé hóró rẹ̀ kan mì lójoojúmọ́ lè da oògùn dókítà nù. Bí ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Tápà bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní London tàbí Houston, yóò ní kí wọ́n fi ìgò kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹni tí kò ní ará lókè òkun yóò wá tirẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, owó tí ì bá fi ra oògùn oṣù kan yóò sì bá a lọ.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ náà, ìdí sì nìyẹn tó fi léwu. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá wádìí bóyá fítámì D lè dènà àtọ̀gbẹ. Ohun tí wọ́n rí kò rí bí àwọn tó ń polówó ọjà ṣe ń sọ ọ́. Èyí tó yẹ kó ká àwọn ará Ìbàràpá lára jù ni pé ilẹ̀ tiwọn wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò tíì padà wálé dáadáa.

Fítámì D kò dà bí àwọn fítámì yòókù. Kì í ṣe oúnjẹ ni orísun rẹ̀ gbòógì. Awọ ara ló ń ṣe é nígbà tí oòrùn bá pa á. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yóò tún un ṣe kí ó tó wúlò. Iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn jù ni pé ó ń jẹ́ kí ìfun lè gba kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, kí egungun lè le. Awọ dúdú kì í tètè ṣe é bí awọ funfun, nítorí pé dúdú náà ń ṣíji bo ara. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lágbára tó láti mú kí awọ ẹnikẹ́ni ṣe é tó. Nítorí èyí ni ìjọba ibẹ̀ ṣe gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ronú lílo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ yípo ọdún. Ọmọ Tápà tó ń gbé Peckham tó sì ń lò ó kò ṣe àṣejù. Ìlú tó wà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tápà kì í ṣe Peckham. Ohun tó ṣọ̀wọ́n níbì kan kì í ṣe dandan kó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, Nàìjíríà sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí lára àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Jos lórí àwọn ọmọ tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ìwé ìṣègùn láti ilẹ̀ òyìnbó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé fítámì D ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣaláìní. Ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ ní Jos. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní kálíṣíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Oòrùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí ì bá bá a ṣe é ni kò sí nínú àwo ọmọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹnì kan ní Ìbàràpá tí fítámì D lè dín kù lára rẹ̀. Arúgbó tí kò lè jáde mọ́, tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, lè wà lára wọn. Dókítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù.

Láti ọdún 1963 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ń gbé, kì í ṣe lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nìkan. Ọ̀pọ̀ dókítà àgbà ní Nàìjíríà àti lẹ́yìn odi ló ti jẹ ẹ̀bà Igbó-Ọrà rí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùṣèwádìí láti Ìbàdàn para pọ̀ mọ́ Richard Cooper àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Loyola, lẹ́bàá Chicago. Ìbéèrè wọn rọrùn láti sọ: àwọn ọmọ baba ńlá kan náà tí òwò ẹrú àti ìrìn àjò fọ́n káàkiri, kí ló dé tí àìsàn wọn kò rí bákan náà? Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwúwo ara àti ṣúgà àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, Jàmáíkà, Barbados, St. Lucia, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igbó-Ọrà wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 1997, wọ́n tẹ àbájáde ti àtọ̀gbẹ jáde. Ní Nàìjíríà, ẹni 2 nínú 100 ló ní in. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó jẹ́ 9. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ 11. Bí ara àwọn ènìyàn ṣe ń sanra sí i láti ibì kan dé èkejì ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Èyí já irọ́ àwọn tó máa ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni àtọ̀gbẹ wà. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ti ará Igbó-Ọrà ì bá má kéré tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó lé ní 300, apá kan ní ìgbèríko Nàìjíríà, apá kejì ní agbègbè Chicago. Àbájáde wọn, tó jáde ní 2009, ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: bí obìnrin ṣe ń lo agbára ara rẹ̀ tó kò sọ ẹni tí yóò sanra àti ẹni tí kò ní sanra. Iṣẹ́ ara dára, ó sì ń ran ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú gbọ́dọ̀ wà lára àwo oúnjẹ. Ní 2013, ìwádìí mìíràn láàárín irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ fi hàn pé fítámì D tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ti Nàìjíríà ju ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ.

Ibí gan-an ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tó bá kánjú yóò so àbájáde méjèèjì pọ̀: àwọn tó ní fítámì D púpọ̀ kò ní àtọ̀gbẹ púpọ̀, nítorí náà fítámì D ló ń dènà àtọ̀gbẹ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sẹ́ni tó gbà pé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó sanra máa ń ní fítámì D tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ara ń fà á pamọ́. Ẹni tí kì í jáde síta kì í rí oòrùn, kì í sì rìn. Ó lè jẹ́ ìsanra àti ìjókòó sójú kan ló fa àìsàn náà, kí fítámì D tó kéré jẹ́ àmì lásán.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà mọ̀ ni kí wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, kí wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ẹni tó ń lo èwo. Wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ènìyàn 2,423 ni wọ́n lò, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn kan ń lo 4,000 yúníìtì lójoojúmọ́, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n ní kí ọmọ Peckham lò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀, 293 nínú àwọn tó ń lo fítámì D ló ti di alátọ̀gbẹ. Nínú àwọn tó ń lo hóró òfìfo, ó jẹ́ 323. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì.

Ó yẹ kí òtítọ́ pé. Ní 2023, wọ́n pa irú ìwádìí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pọ̀, láti Amẹ́ríkà, Norway àti Japan. Lápapọ̀, wọ́n rí àǹfààní díẹ̀: ewu náà dín ní ìdá 15 nínú 100. Bí wọ́n bá kà á bí ènìyàn ṣe ń ka orí, èyí jẹ́ nǹkan bí ẹni 3 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́ta. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa irú àìsàn wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó wà ní bèbè àtọ̀gbẹ lè lo fítámì D kún títún ìgbé ayé rẹ̀ ṣe. Kún un ni wọ́n wí. Wọn kò ní kí ó fi rọ́pò nǹkan kan, wọn kò sì sọ pé ó ń wo ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú sàn. Àṣejù rẹ̀ náà sì léwu: ó lè mú kí kálíṣíọ̀mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ti ń dọdẹ.

Ẹ fi èyí wé ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002. Ní Amẹ́ríkà náà ni, ènìyàn 3,234 ni wọ́n lò, gbogbo wọn wà ní bèbè àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan dín ìwúwo ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ dín ní ìdá 58 nínú 100. Àwọn tó ń lo metformin, oògùn tó ti pẹ́ tí kò sì gbówó lórí bíi tuntun, rí ìdá 31. Ìdá 15 ti fítámì D nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé darí, rí àtọ̀gbẹ lára ẹni 2.2 nínú 100. Nígbà tí Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí jọ tí wọ́n sì ṣírò wọn ní 2018, ó ti di 5.77. Ọ̀nà ìṣirò méjèèjì kò bá ara mu délẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn kan tí kò mọ̀ pé àrùn náà ti pọ̀ sí i. Oòrùn tó ń ràn nígbà náà ló ń ràn títí di òní. Ohun tó yí padà ni oko tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ báyìí, ẹlẹ́rìndòdò tó ti wọ gbogbo òde ìnáwó, àti ìrẹsì òun búrẹ́dì tó ti gba ipò ẹ̀wà. Ní apá Ìgàngàn àti Tápà, ìbẹ̀rù ìkọlù tún wà lára ohun tó ń lé ènìyàn kúrò lóko. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kò rọrùn láti bá àgbẹ̀ sọ pé kí ó máa dá rìn nínú igbó nítorí ìlera.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ohun tí alátọ̀gbẹ máa ń gbọ́ ni pé kí ó sá fún ẹ̀bà àti àmàlà láfún, kí ó lọ máa jẹ wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ìmọ̀ràn tó ń sọ fún ará Ìbàràpá pé kí ó ta gbogbo pákí tó gbìn, kí ó fi owó rẹ̀ ra wíìtì tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá, kì í ṣe ìmọ̀ràn ìṣègùn tó dára, ìyà ni. Wíìtì náà a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí òkèlè ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ wà. Òkèlè tí wọ́n dín kù sí ìdajì, tí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹ̀gúsí Ìbàràpá tí gbogbo ayé mọ̀ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹja tàbí wàrà, kò ní lé ṣúgà sókè bí òkèlè ńlá nínú ọbẹ̀ ṣínṣín.

Ohun tó wọ́n ní Tápà ni ọ̀nà tí ẹni tó ní àrùn yìí lè gbà mọ̀ pé òun ní in. Àtọ̀gbẹ a máa wọlé ní jẹ́jẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ ènìyàn, ó ń tọ̀ lóru lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rù, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni tàbí pé ayé ń bá a jà. Nígbà tí egbò àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá jinná mọ́ ni wọn yóò tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹsẹ̀ náà yóò sì ti fẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sórí síríìpù kan ṣoṣo ní àárọ̀ kí ènìyàn tó jẹun lè sọ òtítọ́ náà ní ọdún márùn-ún ṣáájú: bó bá dé 126 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Síríìpù yìí àti metformin ló yẹ kó máa wà ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ nígbà gbogbo. Láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023, tí GSK sì kéde lọ́dún kan náà pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, oògùn ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún lè rà á. Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlìnì kò tilẹ̀ lè dá a dúró: ọmọdé tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlìnì mọ́ lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi hóró oòrùn lé e lọ́wọ́.

Àwọn ìjọba yóò ní ibà àti ìbímọ ló ṣáájú, pé kò sí owó. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin Ìṣúná ọdún 2021 sì gbé owó orí ₦10 lé lítà kan ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ó tọ́ kí wọ́n ya owó ẹlẹ́rìndòdò yìí sọ́tọ̀ fún àwọn tí ṣúgà ti pa lára, kí síríìpù sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi rà. Yunifásítì Ìbàdàn náà jẹ Ìbàràpá ní gbèsè. Ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn ará ibẹ̀. Ìwé ìwádìí ń lọ sí Chicago. Kò yẹ kí ẹni tó ní apá náà máa gba èsì rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó ń ta fítámì.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó rántí sòbìà. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, sòbìà máa ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko. Kò sí oògùn, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tó lé e lọ. Aṣọ ìsẹ́mi ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ń tà fún aládùúgbò wọn, àti omi mímọ́, àti àwọn tó ń rin ilé dé ilé tí wọ́n ń fi èdè tó yé àwọn ènìyàn bá wọn sọ̀rọ̀. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà kan káàkiri Tápà láàárín oṣù kan.

Títí ìjọba yóò fi gbọ́, ọmọ tó wà lókè òkun tó fẹ́ ran bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní nǹkan tó dára ju ìgò fítámì D lọ láti fi ránṣẹ́. Kí ó fi ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà ránṣẹ́, pẹ̀lú síríìpù tó bá ẹ̀rọ náà gan-an mu, nítorí pé ti ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn ṣiṣẹ́. Kí ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí kó tó sanwó. Kí ó sì sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n dé ìdérí rẹ̀ pa dáadáa, kí wọ́n má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba síríìpù jẹ́.